Ta Ló Sọ Léèsì Funfun Di Eléérú? Oní-Fọ́tò Ni Àbí Kámẹ́rà?

Owó léèsì kì í ṣe owó gúgúrú. Ìyá tó bá ra léèsì funfun báláú ní ọjà Balógun, tó gbé e lọ fún télọ̀, tó tún san owó gèlè àti owó ìlẹ̀kẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ àwíjàre kankan lọ́jọ́ tí fọ́tò bá dé. Ohun tó fẹ́ rí ni aṣọ rẹ̀, kó funfun bó ṣe funfun lọ́jọ́ náà, àti ojú ara rẹ̀, kó dúdú kó máa dán bó ti ń dán nínú dígí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe òde l'Ékòó rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí. Fọ́tò á dé, léèsì á ti di aláwọ̀ eérú bí aṣọ tí wọ́n fi omi ọṣẹ àná fọ̀, ojú ìyá ọlọ́jọ́ á sì ṣú bí ìdí ìkòkò. Àbúrò rẹ̀ tó wọ àrán dúdú, tó dá dúró ya tirẹ̀ ńkọ́? Òdìkejì ni tiẹ̀: àrán ti ṣí, ó ti rí rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ tí oòrùn ti pa lórí okùn.

Ibẹ̀ ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀.

“Bọ̀dá oní-fọ́tò, aṣọ ta nìyí?”

“Ẹ má bínú, Àlájà, kámẹ́rà ló ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Kámẹ́rà ni mo kówó fún ni? Ṣé kámẹ́rà ló ń jẹun nílé yín?”

Ká sòótọ́, irọ́ kọ́ ni ọmọkùnrin náà pa. Kámẹ́rà ló ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun ló fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa ṣe tinú ara rẹ̀, bí ọlọ́jà tó fi ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó ti ìsọ̀, tó wá ń béèrè ìdí tí owó kò fi pé.

KÁMẸ́RÀ KÒ MỌ LÉÈSÌ, KÒ MỌ ÀRÁN

Kámẹ́rà òde òní, èyí tí kì í lo fíìmù, ọlọ́gbọ́n ni. Inú rẹ̀ lóhun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà. Tí wọ́n bá yí bọ́tìnì orí rẹ̀ sí ọ́tò, òun fúnra rẹ̀ á wọn ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, á sì pinnu èyí tó máa gbà wọlé. Kò sí wàhálà, kí oní-fọ́tò ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Àléébù kan ló ní, àléébù ọ̀hún kò sì kéré: kò mọ ohun tó ń wò. Kò mọ̀ bóyá léèsì ni, bóyá ògiri ni, bóyá ọmọ tuntun ni. Àwọn tó ṣe é ti kọ́ ọ pé tí wọ́n bá po gbogbo ohun tó wà láyé pọ̀, funfun àti dúdú, àwọ̀ eérú ni yóò jáde. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá kún ojú rẹ̀, eérú ló máa fẹ́ sọ ọ́ dà.

Bí léèsì funfun bá kún ojú rẹ̀, á ní, “Háà, ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù,” á sì dín in kù. Léèsì á di eérú, ojú dúdú tó wà láàárín léèsì á sì wọ òkùnkùn lọ. Bí àrán dúdú ló bá kún ojú rẹ̀, á ní ilẹ̀ ti ṣú, á sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Àrán á ṣí. Aláṣọ funfun àti aláàrán, kámẹ́rà ti bá wọn pín in sí àárín méjì, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ìlú Èkó gan-an ló sì wá ṣe èyí sí! Níbo ni wọ́n ti ń wọ funfun tó Ìsàlẹ̀ Èkó? Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Èyò jáde. Ẹni tó bá wà ní ìgboro lọ́jọ́ náà rí i: agbádá funfun tó ń wọ́ nílẹ̀, ìbòjú funfun, akẹtẹ̀ lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Akẹtẹ̀ Adímú dúdú, ti Làbà pupa, ti Oníko dà bí ìyeyè. Oòrùn wà lókè, funfun wà nílẹ̀, àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú sì tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kò sí ìdánwò tó le ju ìyẹn lọ fún kámẹ́rà tó ń dá wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ogún Èyò bá kọjá níwájú rẹ̀, á sọ wọ́n di eléérú. Bí Èyò kan ṣoṣo bá wà láàárín èrò, tí èrò bo gbogbo ojú kámẹ́rà, á tún fi ìmọ́lẹ̀ kún un débi pé agbádá Èyò á di funfun gbòò, kò ní sí ìṣẹ́po kankan nínú aṣọ, bí ìgbà tí wọ́n gé bébà lẹ́ lórí fọ́tò. Ọ̀nà kan náà, iṣẹ́jú kan náà, oòrùn kan náà, fọ́tò méjì tí kò jọra!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Oòrùn kò yí padà. Aṣọ kò yí padà. Kámẹ́rà ló ń yí ọkàn padà.

LẸ́TÀ M TÓ Ń BA ỌMỌ IṢẸ́ LẸ́RÙ

Lórí bọ́tìnì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́tò, ni wọ́n kọ lẹ́tà M sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní ti àwọn ọ̀gá ni. Ẹ̀rù lásán ni. Ohun tí M ń wí kò ju pé kí kámẹ́rà kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹni tó gbé e dání fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Nǹkan mẹ́ta péré ló máa yí. Ẹni tó bá ti gbé garawa sídìí ẹ̀rọ omi rí ti mọ méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ká ní garawa gbọ́dọ̀ kún dọ́gba, kó má dín, kó má ṣàn sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ gbagada, garawa á tètè kún. Ẹni tó bá ṣí i díẹ̀, kó fara balẹ̀ dúró. Bí wọ́n ṣe ṣí ẹ̀rọ tó, ìyẹn ni ihò léńsì. Bí wọ́n ṣe dúró pẹ́ tó, ìyẹn ni ìlẹ̀kùn kámẹ́rà, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé wéré. Garawa kan náà ni, ọ̀nà tó lè gbà kún pọ̀.

Ihò léńsì ní nọ́ńbà tirẹ̀: 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Orí ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń dàrú níbí, torí 2.8 ni ihò ńlá, 16 ni ihò tóóró. Ẹ jẹ́ kí ìyá oníbúrẹ́dì bá wọn là á. Wọ́n pín búrẹ́dì kan sí ọ̀nà 4, wọ́n pín ìkejì rẹ̀ sí ọ̀nà 16, ègé èwo ló tóbi jù? Ó tán! Ìpín ni nọ́ńbà yẹn. Láti 2.8 bọ́ sí 4, ìmọ́lẹ̀ á dín sí ìlàjì. Láti 4 bọ́ sí 5.6, á tún dín sí ìlàjì. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlàjì kọ̀ọ̀kan.

Ihò yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ihò ńlá máa ń mú kí ẹ̀yìn fọ́tò di kurukuru. Tí wọ́n bá ń ya ìyàwó ní Ìdúmọ̀tà, tí dánfó àti wáyà iná wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹpẹtẹ, 2.8 á bò wọ́n láṣìírí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 2.8 ya aṣọ ẹbí tó tò sí ìlà mẹ́ta ti dá ìjà ìdílé sílẹ̀. Ìlà kan ló máa hàn kedere, àwọn àbúrò bàbá tó dúró lẹ́yìn, tí wọ́n dá owó tiwọn pé, á wá dà bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú èéfín. Ó yá, kí ọmọ iṣẹ́ bọ́ sí 8.

Ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ní tirẹ̀, ìdá ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á: 1/60, 1/125, 1/250, 1/500, 1/1000. Níbí pẹ̀lú, ìlàjì ìlàjì ló ń lọ. Bí 1/60 bá ń tó 1/30, ọwọ́ tó gbé kámẹ́rà dání á ti máa gbọ̀n, fọ́tò á sì fẹ̀ bí ojú ọ̀mùtí. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, 1/125 tó o. Ẹni tó ń jó, kí oní-fọ́tò wá 1/250 lọ. Tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ onígángan dúró sójú kan lókè kó tó balẹ̀ lórí awọ, 1/500 ni, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkẹta ni ISO: 100, 200, 400, 800, 1600, 3200. Rédíò ló jọ. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò bá jìnnà, tí ohùn rẹ̀ kò dún dáadáa, ẹ máa yí ohùn sókè. Ohùn á ròkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ṣíṣíṣí náà á bá a ròkè. ISO ló ń yí ohùn ìmọ́lẹ̀ sókè. Bó ṣe ń ga sí i ni fọ́tò ń ní hóró-hóró bí ìgbà tí wọ́n fọ́n gaàrí sí i. Nítorí náà, nínú oòrùn, kó wà ní 100. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kó máa gòkè, kí oní-fọ́tò má sì ṣahun níbẹ̀: fọ́tò oní-hóró sàn ju fọ́tò tó fẹ̀ lọ. Hóró ṣeé fara dà, fọ́tò tó ti fẹ̀ kò ní àtúnṣe.

ÒFIN OÒRÙN, LÁTI ẸNU Ọ̀WÁ WỌ INÚ ÀGBÀLÁ

Kí kámẹ́rà tó gbọ́n tó báyìí, àwọn àgbà oní-fọ́tò ní òfin kan tí wọ́n ń há sórí, ilé-iṣẹ́ fíìmù sì ń tẹ̀ ẹ́ sára páálí fíìmù pàápàá. Òfin náà kò tíì di àpatì. Bí oòrùn bá yọ kedere, tí òjìji ènìyàn hàn gbangba nílẹ̀: ihò 16, kí ìlẹ̀kùn sì bá ISO mu. ISO 100, ìlẹ̀kùn 1/100 tàbí 1/125 tó sún mọ́ ọn. Ó parí. Kò sí ohun tó kan òfin yìí pẹ̀lú léèsì tàbí àrán, torí oòrùn ló ń wọ̀n, kì í ṣe aṣọ. Funfun á jáde ní funfun, dúdú á jáde ní dúdú.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ihò 16 lè ṣe pàṣípààrọ̀, bí ẹni ń ṣẹ́ owó: ihò 11 pẹ̀lú 1/250, ihò 8 pẹ̀lú 1/500, ihò 5.6 pẹ̀lú 1/1000. Iye kan náà ni gbogbo wọn. Bí àwọsánmà bá bo oòrùn tí òjìji kò hàn mọ́, kí ó ṣí ìṣísẹ̀ méjì. Bí ọ̀yẹ́ bá mú, tí ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀fúùfù ẹ̀kọ, ìṣísẹ̀ kan lè tó. Lábẹ́ òjìji ilé, ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ rìn ín wò. Oní-fọ́tò dúró sí Ẹnu Ọ̀wá, ní iwájú Ìga Ìdúngànràn, ní agogo 11 òwúrọ̀, oòrùn ń ta. Ó wà ní ISO 100, ihò 8, 1/500. Gbogbo ohun tó wà nínú oòrùn á jáde bó ṣe yẹ. Lójijì, ẹni tó ń ya yà wọ ọ̀nà tóóró kan láàárín ilé méjì, irú èyí tó kún Ìsàlẹ̀ Èkó, tí oòrùn kì í débẹ̀ àfi lọ́sàn-án gangan. Ìmọ́lẹ̀ ti fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sílẹ̀. Kí ló kàn? Tó bá lo ìlẹ̀kùn, 1/500 á di 1/60, ẹni tó ń rìn á sì fẹ̀. Tó bá lo ihò, 8 á di 2.8, ẹ̀yìn á di kurukuru, ilé àgbà tó wà lẹ́yìn kò ní hàn. Tó bá lo ISO, 100 á di 800, hóró díẹ̀ á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà á dúró kedere, ilé náà á sì hàn. Ọ̀nà mẹ́ta, àbájáde mẹ́ta, kò sí èyí tó burú. Ohun tí fọ́tò náà wà fún ló máa sọ èyí tí wọ́n máa yí. Kámẹ́rà kò lè mọ ìyẹn láéláé, torí òun kọ́ ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́.

Ọ̀sán gangan, kí wọ́n yéé to ènìyàn sínú oòrùn, jàre. Oòrùn Èkó á dúró lórí bí àkàṣù, gèlè á ju òjìji sójú, ihò ojú á di dúdú. M kò lè ṣàtúnṣe èyí, ọ́tò náà kò lè ṣe é. Kí oní-fọ́tò mú wọn wá sábẹ́ òjìji ògiri kan tó kọjú sí ibi tó mọ́lẹ̀, kó ṣí ìṣísẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́.

ÀTẸ́LẸWỌ́ ẸNI KÌ Í TANNI JẸ

Bí oní-fọ́tò kò bá dá ojú ọ̀run lójú, tó sì fẹ́ kí kámẹ́rà bá òun wọn ìmọ́lẹ̀, kó má wọn aṣọ. Àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ni kó wọ̀n. Kó dúró síbi tí oníbàárà wà, kó na àtẹ́lẹwọ́ sí ìmọ́lẹ̀ kan náà tó ń bọ̀ sójú oníbàárà, kó sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí ọwọ́ á fi kún ojú kámẹ́rà, kó wo òṣùwọ̀n tó wà nínú rẹ̀, kó sì yí ihò, ìlẹ̀kùn tàbí ISO títí àmì á fi dé òódo. Lẹ́yìn náà, kó fi ìṣísẹ̀ kan kún ìmọ́lẹ̀, torí àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ju eérú tí kámẹ́rà ní lọ́kàn lọ. Ènìyàn dúdú, ènìyàn pupa, àtẹ́lẹwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún òṣùwọ̀n. Nígbà náà, bí ìyàwó bá wọ funfun, bí ọkọ bá wọ dúdú, bí ìyá ọkọ bá dé pẹ̀lú aṣọ òkè aláró, kò kan oní-fọ́tò mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá yí padà, òun náà kò ní yí nǹkan kan.

Ìyẹn gan-an ni èrè M. Fọ́tò ọgọ́rùn-ún lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, gbogbo ọgọ́rùn-ún á jọra bí ọmọ ìyá. Ọmọ iṣẹ́ tó bá lo ọ́tò á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà di òru, á máa tan èyí, á máa pa èyí, iná NEPA á lọ, jẹnẹrétọ̀ á jẹ epo. Èrè òde náà á bá epo lọ.

Àwọn kan wà ṣá o, tí wọ́n ti sọ M di oyè. Wọ́n á ní ẹni tó bá lo ọ́tò kì í ṣe oní-fọ́tò. Ìyẹn náà jẹ́ àṣejù. Bí oní-fọ́tò bá ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ìyàwó láti Tinúbú dé Popo Àgùdà, tí ó ń bọ́ sínú oòrùn tó ń bọ́ sínú òjìji, kó lo ọ́tò kó sì dákẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló mọ ìgbà tí ó yẹ kó fi kámẹ́rà sílẹ̀.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É KÍ Ọ́TÒ TÓ DÉ

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe àlejò l'Ékòó. Nǹkan bí ọdún 1896 ni Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, ti wá ṣí ilé fọ́tò síbí. Láyé wọn, ojú àti ìrírí ni òṣùwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí gbogbo onídìrí Èkó mọ orúkọ rẹ̀ ni J.D. 'Okhai Ojeikere. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i, ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Ẹdó. Lọ́dún 1950, ó ra kámẹ́rà Brownie D, kámẹ́rà pọ́ọ́kú tí kò ní fláàṣì, ọ̀rẹ́ kan ló sì kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dún 1954 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Lọ́dún 1963 ó bọ́ sí Èkó, ó bá ilé-iṣẹ́ West Africa Publicity ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ káyé: ó ń ya irun orí obìnrin, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní fọ́tò dúdú àti funfun. Ṣùkú, irun kíkó, onílé gogoro, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́dún 1975 ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀, Foto Ojeikere. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 2014, fọ́tò irun tó ti yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì ti gbé e káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ wò.

Kí ẹ̀yin onídìrí wá fojú inú wò ó. Irun dúdú, òwú dúdú, ọrùn dúdú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di bọ́ọ̀lù dúdú kan, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí á gbé. Bó bá pọ̀ díẹ̀, irun á ṣí bí irun àgbà. Nínú fọ́tò Ojeikere, ìpín irun hàn, òwú tí wọ́n fi kó o hàn ní ìyí kọ̀ọ̀kan, awọ orí ń dán. Fíìmù ló fi yà á, kò sì sí ohun tó ń fi àwòrán hàn lẹ́yìn kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́, ìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù tán ni wọ́n máa tó mọ̀.

Fíìmù aláwọ̀ tiẹ̀ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láti ìlú òyìnbó ló ti ń bọ̀, awọ òyìnbó ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà a máa fi fọ́tò obìnrin òyìnbó kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, wọ́n ń pè é ní káàdì Shirley. Bí Shirley bá ti jáde dáadáa, ẹ̀rọ ti dára nìyẹn. Ènìyàn dúdú ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú àti eyín ló máa ń hàn. Nígbà tí àtúnṣe sì máa bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ni ẹjọ́ wọn wọ Kodak létí, pé fíìmù kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àwọ̀ ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹ ò rí nǹkan! Nítorí ṣokoléètì ni ojú ènìyàn dúdú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Lọ́dún 2021 pàápàá, Google ṣì ń kéde pé àwọn ti tún kámẹ́rà fóònù wọn ṣe kó lè máa ya awọ dúdú bó ṣe yẹ. Bó bá gba irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di 2021, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yí nǹkan mẹ́ta kò jẹ gbèsè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

NÍNÚ GBỌ̀NGÀN, NÍGBÀ TÍ JẸNẸRÉTỌ̀ BÁ Ń HÓ

Òfin oòrùn kì í wọ gbọ̀ngàn. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, àwọn ènìyàn sì ń jó. Kí oní-fọ́tò ṣí ihò dé 2.8 tàbí 4 bí léńsì rẹ̀ bá gbà á, kó gbé ISO sí 1600 sókè, kó wá wo ibi tí ìlẹ̀kùn máa dé. Àrékérekè kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: iná Nàìjíríà ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù mìíràn sì ń tàn ó ń kú ní ìgbà 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò rí i. Bí ìlẹ̀kùn bá yára ju ìyẹn lọ, fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, ìkejì á ṣú, òmíràn á ní ìlà dúdú gbàràmù láàárín. Oní-fọ́tò á máa lu kámẹ́rà, á ní ó ti bàjẹ́. Kó bọ́ sí 1/100 tàbí 1/50, ìlà á lọ.

Bó bá lo fláàṣì, kó má kọjá 1/200, torí nínú kámẹ́rà púpọ̀, ìlẹ̀kùn tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣí tán kí fláàṣì tó kọ, apá kan fọ́tò á dúdú. Kó má sì na fláàṣì sójú ìyá arúgbó ní tààrà. Bí àjà bá funfun, tí kò ga jù, kó kọ iná sí àjà, kó padà rọra bọ́ sílẹ̀.

ẸNI TÓ Ń FI ỌMỌ SẸ́NU IṢẸ́

Ìyá tó ń san owó ìkọ́ṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ọmọ òun ń kọ́ nǹkan, àbí báàgì ọ̀gá ló kàn ń gbé kiri òde. Ọdún méjì á lọ, wọ́n á ṣe fríídọ̀mù, wọ́n á pa ewúrẹ́, wọ́n á gbàdúrà, ọmọ á sì jáde láìtíì kúrò lórí ọ́tò rí. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tó bá ní fóònù ló jẹ́ oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ohun tí òun mọ̀ ni fóònù náà mọ̀.

Fíìmù kò sí mọ́, fọ́tò 36 péré kọ́ ni wọ́n ní mọ́, kò sí ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń náni ju àkókò lọ. Kí ọmọ iṣẹ́ gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní òwúrọ̀, kó fi ènìyàn kan jókòó, kó yí M. Kó di ohun méjì mú, kó máa yí ẹyọ kan: ihò lónìí, ìlẹ̀kùn lọ́la, ISO lọ́túnla. Kó kọ nọ́ńbà sínú ìwé bí àwọn onísúná ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí ojú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìmọ́lẹ̀ kí ọwọ́ tó dé orí bọ́tìnì.

Lọ́jọ́ tí ìyá bá fẹ́ dán an wò, kó mú ìró funfun kan àti ìró dúdú kan dání, kó ta wọ́n sórí okùn kan ní òjìji, kó ní kí ọmọ ya ti funfun nìkan, kó ya ti dúdú nìkan, kó tún ya méjèèjì pọ̀, láìyí nọ́ńbà kankan. Kó wá yẹ ẹ̀yìn kámẹ́rà wò. Àwọn kámẹ́rà púpọ̀ ní ètò kan tó máa ń mú kí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù máa ṣẹ́jú pẹ́-pẹ́-pẹ́ lórí àwòrán. Bí ìró funfun bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ ti lọ, kọ̀ǹpútà kankan kò sì lè gbà á padà. Dúdú tó ṣú díẹ̀ ni wọ́n ṣì lè fà jáde. Kí ọmọ dín ìṣísẹ̀ kan kù, kó tún un yà. Bí ìró funfun bá funfun tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ hàn, tí ìró dúdú sì dúdú nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìyá lọ ra ewúrẹ́.